Ojú Tó Gba Inú Ògiri Wọlé

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira! Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ mọ ara wọn."

Ìyá àgbà tó jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò gbá fóònù rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọn ò tí ì mọ ara wọn ni? Ṣebí inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé."

Ọmọ-ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Kínìyẹn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí láti kékeré, kò sí ohun tó rí tí kì í nawọ́ sí kó bèèrè pé, "Kí nìyẹn?" Ó bi dókítà tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Ó bi olùkọ́ ìṣirò títí ọkùnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí agogo lù. Lọ́jọ́ yìí, àmì kékeré kan nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ló nawọ́ sí, àmì tó dà bíi lẹ́tà B tí wọ́n lọ́ pọ̀. Nígbà tí kò rẹ́ni bi, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ka ohun tó jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bulutúùtù ni orúkọ àmì náà. Ohun tó kà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà lè fún fóònù tó bá wà nítòsí nínú íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, láìsí wáyà láàárín wọn.

Ẹni tó bá mọ ohun tí ìjì ṣe fún wọn ló máa mọ ìdí tí àyà Kínìyẹn fi ń lù kìkì. Ìjì náà wó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí òkè, láti ọjọ́ náà sì ni gbogbo fóònù àdúgbò ti di tọ́ọ̀ṣì lásán. Kọ̀ǹpútà Bàbá Onífọ́tò nìkan ló ṣì ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí wáyà tirẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, ìjì ò rí i mú. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Kò lójú tó lè fi rí èèyàn, kò sì létí tó lè fi gbọ́ ohùn. Ọ̀kan ní ọ̀nà, kò lójú. Èkejì lójú, kò lọ́nà.

Nọ́ńbà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà yẹn gan-an yọ lójú fóònù.

"Ó bára mu!" Kínìyẹn pariwo. "Màmá Àgbà, ẹ wò ó, nọ́ńbà kan náà ni!"

"Ta ló sọ ọ́ fún un?" Ìyá àgbà bèèrè.

Kínìyẹn tẹ ìbí, ó tẹ ọ̀hún. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ti fẹ́ máa pòṣé nígbà tí fóònù náà dún tín. Ó tún dún tín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdánudúró, tín-tín-tín, gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn ti rán sí wọn láti ìgbà ìjì ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ ló kù kí Ìyá àgbà jù ú sílẹ̀.

"Wáyà wo ló gbà?"

"Kò sí wáyà, Màmá Àgbà."

Ìyá àgbà na ọwọ́ sí àárín tábìlì àti àga. Ó rọra ń fi ọwọ́ náà lọ, ó ń fi bọ̀, bí ẹni tó ń wá okùn aláǹtakùn nínú òkùnkùn. "Ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Ohun tí ojú ò rí rí, ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ ni. Tiẹ̀ wo bí irun ara mi ṣe dìde!"

Lára ohun tó wọlé ni ohùn ìyá Kínìyẹn. Alásè ni ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń kó ẹrù láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ohùn náà ní, "Màmá, ọkọ̀ wa máa dúró ní èbúté lọ́sàn-án Sátidé. Mo máa fi fídíò pè yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú agbami ló kù títí di ọdún tó ń bọ̀, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí ojú yín."

Ìyá àgbà ní kí Kínìyẹn tún gbé e sí i. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró.

Kínìyẹn mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ máa wọ ọkọ̀ nígbà àkọ́kọ́, Ìyá àgbà ò fẹ́ kó lọ. Ó ní kí ni obìnrin ń wá lórí omi, tó fi ọmọ sílẹ̀ nílẹ̀? Ìyá Kínìyẹn kúnlẹ̀ láti dágbére, ìyá rẹ̀ sì kọjú sí ògiri. Ó kúnlẹ̀ títí, kò rí ojú ìyá rẹ̀, ló bá dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà náà wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ń kíra, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ ògiri yẹn nínú wọn. Ní báyìí, ojú Ìyá àgbà ń kú lọ. Dókítà ojú ti sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ ò ní padà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Ìyá àgbà sọ. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ìyá ẹ sọ, ọkọ mi. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ sí i létí lásán. Mo fẹ́ kí n máa wò ó kí n tó lanu, kí òun náà máa wò mí. Kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú."

"Ẹ máa rí i, Màmá Àgbà," ni Kínìyẹn dáhùn. Ìlérí ló ṣe yẹn, ó sì mọ̀ pé ìlérí ni.

Kó lè dá a lójú, ó wọn ibi tí agbára náà dé. Ó gbé fóònù, ó jẹ́ kí orin máa ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá, ó sì ń rìn lọ. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, orin ń lọ. Ó jáde sí ìta, ó bọ́ sẹ́yìn ògiri, orin ò dúró. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́; ṣùgbọ́n nǹkan yìí ò dúró de kí ògiri lanu rárá. Kínìyẹn fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Ó tutù, ó le, kò sí ihò kankan lára rẹ̀, orin sì ń gba inú rẹ̀ jáde wá bá a. Ó tún fọwọ́ kàn án kó lè dá a lójú, ẹnu yà á. Lẹ́yìn náà ló tún rìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ẹ̀bá títì, orin já. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, orin tún bẹ̀rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà funfun síbẹ̀.

"Ta ló ń kọ nǹkan síwájú ṣọ́ọ̀bù mi?" Bàbá Onífọ́tò ló ń bọ̀ yẹn, kámẹ́rà lọ́rùn, ìbínú lójú. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, inú yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni Ìyá àgbà àti Kínìyẹn ń gbé. Tí Kínìyẹn bá ti ilé ìwé dé, òun ló máa ń bá a gé fọ́tò pélébé.

Kínìyẹn ò bá a jiyàn. Ó kàn gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Bàbá Onífọ́tò kọjá ìlà, ó padà wọlé, ó tún kọjá. "Ó lọ," ló ń sọ. "Ó dé. Ó lọ. Ó dé!" Àgbà ọkùnrin ń fò síwá sẹ́yìn lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì bí ọmọ tó ń ṣeré òṣùpá, àwọn tó ń kọjá sì dúró wò ó.

Nígbà tó rí wọn, ó wúkọ́, ó tún ojú ṣe. "Gbọ́ mi dáadáa," ló sọ fún Kínìyẹn. "Ohun tó ń gba afẹ́fẹ́ yìí kọjá ò tó nǹkan. Tí ẹni méjì bá mu ún pọ̀, kò ní yó ẹnì kankan. Fóònù Màmá nìkan ni mo gbà fún. Ẹlòmíràn ò sí níbẹ̀ o."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ò lè gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kó má yọ. Ní ilé ìwé, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Díńgí, torí pé kì í kọjá níwájú gíláàsì kankan láìwo ara rẹ̀. Kí agogo ìsinmi tó lù, gbogbo kíláàsì ti mọ̀. Wọ́n sọ Kínìyẹn ní Ìyá Afẹ́fẹ́. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń bá a gbé báàgì, àwọn tó ń sá fún ìbéèrè rẹ̀ wá ń bi í ní ìbéèrè. Oyè náà dùn mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ta ni kò ní dùn mọ́?

Ọjọ́ Sátidé pé. Bàbá Onífọ́tò lọ ya àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní fọ́tò. Ìyá àgbà ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó ti fi pàǹkéèkì sójú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sán ò tí ì pọ́n. Kínìyẹn gbé e jókòó síbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, kí ìmọ́lẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Ẹnu Ìyá àgbà ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń tún sọ lábẹ́ ahọ́n, kó má bàa gbàgbé.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Díńgí yọjú.

"Ìyá Afẹ́fẹ́! Mo ti dé o."

"Díńgí, kì í ṣe òní. Mọ́mì mi fẹ́ pè."

"Ṣé wọ́n ti pè ni?"

"Rárá, ṣùgbọ́n..."

"Kí wọ́n tó pè, màá ti ṣe tán. Fíìmù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ wà jáde sórí fóònù mi. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì pé ká pàdé nílé wa nírọ̀lẹ́. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ló ni afẹ́fẹ́. Ṣé kí wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Bàbá Onífọ́tò ní ẹlòmíràn ò gbọdọ̀..."

Díńgí yí ẹnu padà. "Háà, ó ti yé mi. Orí ti wú. Afẹ́fẹ́ lásán ni mo tọrọ o, n ò bẹ̀ ẹ́ kó o fún mi lẹ́jẹ̀. Ó dáa, mo máa sọ fún wọn pé o ní o ò mọ̀ wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Kínìyẹn lọ́kàn. Ó ti rí ọjọ́ Mọ́ńdè lójú ara rẹ̀: kò sẹ́ni tó máa bá a gbé báàgì, oyè Ìyá Afẹ́fẹ́ ti bọ́. "Rárá" wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì wúwo ju kó lè gbé e jáde lọ. Ó wo ẹ̀yìn wo Ìyá àgbà, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó yára gba fóònù Díńgí. Nọ́ńbà yọ níhìn-ín, nọ́ńbà yọ lọ́hùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Kò pẹ́ rárá tí Ìyá àgbà fi kígbe. "Kínìyẹn! Ó ń dún! Ó ń dún o!"

"Díńgí, jáde kíákíá! Kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn. Tó o bá ti kọjá ẹ̀, ó máa já fúnra ẹ̀."

Díńgí sáré jáde, ó fò kọjá ìlà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè pé òun ti jáde. Ọkàn Kínìyẹn balẹ̀. Ìlà tó fúnra rẹ̀ fà ni, ó gbà á gbọ́. Ohun tí kò rò ni pé fóònù àtijọ́ Ìyá àgbà ló fi wọn ilẹ̀ náà. Fóònù tuntun ni ti Díńgí, etí tirẹ̀ sì ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn ju ti Ìyá àgbà lọ. Díńgí wo ojú fóònù rẹ̀ ní ẹ̀bá títì, ó rí i pé fíìmù ò dúró. Ó lanu láti sọ. Ó tún rò ó pé ó ti fẹ́ parí, ló bá pa ẹnu dé.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Kínìyẹn tẹ fóònù. Ojú ìyá rẹ̀ yọ.

Ojú náà pé pérépéré. Fìlà funfun alásè wà lórí rẹ̀, fèrèsé roboto kan wà lẹ́yìn rẹ̀, omi òkun sì ń dán lẹ́yìn fèrèsé náà. Omi tí Kínìyẹn ò dé rí, nínú yàrá tí kò ní wáyà kankan! Irun ara rẹ̀ dìde.

"Yéè!" Ìyá àgbà ké. "Ọmọ mi! Ọmọ mi rè é!"

Kó tó pa ẹnu dé, ojú náà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó dà bíi fọ́tò tí èèyàn fà ya tó sì tò padà láìbára mu. Ìyá àgbà gbé fóònù súnmọ́ imú. Ohùn ń wá ní gbínríngbínrín: "Mà... ṣé ẹ... rí mi..."

"Ibo ló lọ? Kínìyẹn, mi ò rí i mọ́!"

"Ẹ ní sùúrù, Màmá Àgbà. Bóyá láti ọ̀dọ̀ wọn ni."

Ìyá àgbà ò lè ní sùúrù mọ́. Ó kọjú sí àwọn wẹ́wẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọmọ mi, lọ́jọ́ tó o lọ, mo kọjú sí ògiri. Mo fẹ́ sọ fún ẹ pé..."

"Ẹ ní kí ni? Màmá... mi ò... gbọ́..."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Onífọ́tò wọlé. Ó wo Ìyá àgbà, ó wo kọ̀ǹpútà. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀.

"Ta ni Díńgí?"

"Ó ti kọjá ìlà, sà! Ó ti wà níta!"

"Ìlà tó o fi fóònù ta ni wọ̀n?"

Ibẹ̀ ló ti yé Kínìyẹn. Ó fò mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè já orúkọ Díńgí kúrò, ṣùgbọ́n omi ti bo ojú rẹ̀, orúkọ òkè ló sì tẹ̀. Fóònù Ìyá àgbà ni orúkọ òkè.

Ohùn dákẹ́ wáí. Ojú tó wà lórí fóònù dúró sójú kan. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ó ti tò padà kó tó dúró, ó sì mọ́ gaara.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan," Ìyá àgbà sọ jẹ́jẹ́. "Mo rí i."

Bàbá Onífọ́tò yára sún mọ́ wọn. Ó gbé kámẹ́rà ọrùn rẹ̀ sójú, ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Ìyá àgbà, ó ya fóònù náà: káà! Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ tí ojú náà fi pòórá, tí fóònù sì dúdú.

Wọ́n so ó padà. Wọ́n pè, wọ́n pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Níkẹyìn, iṣẹ́ kan wọlé, Kínìyẹn ló sì ní láti kà á sókè, torí lẹ́tà ti kéré jù fún ojú Ìyá àgbà.

"Màmá, ọkọ̀ ti fọn fèrè, a ti ń lọ. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú yín. Ọ̀dọ̀ mi lẹ kọjú sí. Ṣé ẹ rí tèmi?"

Kínìyẹn ò lè kà á tán kí ẹkún tó gbé e. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti Díńgí, ti oyè, ti "rárá" tí kò lè gbé jáde. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán.

"Inú mi bàjẹ́," ló sọ. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu mi, ó ń kan mí lẹ́yìn eyín. Kọ ọ́ sí i pé mo rí ojú ẹ̀. Ìyókù, ìwọ lo máa bá mi gbé e dúró títí ọkọ̀ á fi dé."

Díńgí wọlé, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu, ó fẹ́ sọ pé fíìmù ti pé. Ó rí àgbà àti ọmọ tó ń sunkún, ẹ̀rín náà sì kú. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnì kankan wá wo fíìmù nílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá Onífọ́tò tẹ fọ́tò náà fẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo ńlá. Láràárọ̀, Ìyá àgbà máa ń gbé e sí ojú oòrùn, á wo àpá kékeré tó wà lójú ọmọ rẹ̀, á wo ewú tó ti yọ lábẹ́ fìlà. Nígbà tó yá, kò rí àpá náà mọ́. Lẹ́yìn náà, kò rí ewú. Nígbà tó di pé ìmọ́lẹ̀ tán pátápátá, ìka ló fi ń wò ó.

Wọ́n ti gbé òpó òkè dìde padà kí ọkọ̀ tó dé èbúté lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó nílò kọ̀ǹpútà mọ́. Síbẹ̀, Kínìyẹn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí fóònù dún, kó má bàa sí ẹni tó máa dí wọn lọ́wọ́, Díńgí sì dúró tì í, fóònù tirẹ̀ wà ní pípa. Àwọn ọmọ kíláàsì kan wá ké sí wọn láti títì pé kí wọ́n jáde wá ṣeré. "Rárá," Kínìyẹn dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ò sì wúwo rárá.

Ìyá àgbà gbé fọ́tò náà lé itan. Ó kọ ojú tí kò ríran mọ́ síbi tí ohùn ti ń wá.

"Ọmọ mi, ṣé ò ń wò mí?"

"Mo ń wò yín, Màmá."

"Lọ́jọ́ tó o lọ, mo kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá sọ ọ́ di ìbínú. Dárí jì mí. Lọ ire, bọ̀ ire. Mo ti kọjú sí ẹ báyìí, mi ò sì ní yí i padà mọ́."

Kò sí ohun tó fọ́, kò sí ohun tó já. Ẹkún ìyá Kínìyẹn ti orí omi wá, ó gba inú ògiri kọjá, Kínìyẹn sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tún fọwọ́ kan ògiri náà bíi ti ọjọ́sí, ẹnu sì tún yà á. Ó rántí ojú tó mọ́ gaara lọ́jọ́ Sátidé yẹn, èyí tí Ìyá àgbà ò ní lè fojú rí láé mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí kò bá lè sọ "rárá" fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ará ilé rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún láìmọ̀. Ohun tí wọ́n bá sì fi síkàáwọ́ yín fún ẹnì kan, ẹ pa á mọ́ fún ẹni náà. Kínìyẹn ti fọ ìlà ṣọ́ọ̀kì iwájú ṣọ́ọ̀bù náà nù tipẹ́, kò sì fa òmíràn.